Abẹfẹ́lẹ́ Tí Mo Fi Kan Àpò Ẹ̀gbọ́n Mi

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi ṣe ìrọ̀rí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọrùn sì ti dùn mí tó. Lónìí mo fẹ́ gbé e jáde síta kí gbogbo yín rí i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ dúró kó pé ogún. Ó ku ọdún kan géérégé tó fi bá mi. Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Dókítà Ẹ̀rọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn tì mí lẹ́yìn. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Ara mi le, mo jẹun láàárọ̀, mo sì sùn dáadáa lánàá, irú oorun tí mi ò tíì sùn rí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ìdí tí mo fi sùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wọnú iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Àǹtí Alápò, torí àpò ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ló ń rán. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀rọ tí ń fa eruku nílẹ̀ láyé àtijọ́ kì í ṣe ike bíi ti òde òní. Irin ni wọ́n, wọ́n wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀pá gígùn kan lẹ́yìn tí èèyàn ń dì mú tì wọ́n lọ tì wọ́n bọ̀. Ara ọ̀pá yìí ni àpò aṣọ kan máa ń rọ̀ sí. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ á kó eruku wọnú àpò, àpò á wú bí ikùn aláboyún, eruku á dúró sínú, afẹ́fẹ́ á gba ara aṣọ jáde. Bó bá kún, ẹ ó tú u, ẹ ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ó gbọ̀n ọ́n. Aṣọ yẹn kì í ṣe aṣọ ṣákálá. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, eruku á padà sínú ilé. Bó bá nípọn jù, ẹ̀rọ ò ní lè mí. Ojú rírán ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dì pinpin. Yàrá kan náà la jọ ń lò, èmi àti Àǹtí. Tábìlì mi wà lápá ọ̀tún, máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Èmi ń tú ẹ́ńjìnnì, mò ń pààrọ̀ rọ́bà. Òun ń rán àpò. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń rán ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá rán an tán, á fẹnu wú u bí ọmọdé ṣe ń wú bàlúù, á wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ojú rírán náà yíká, bóyá atẹ́gùn á fẹ́ sí i lára. Mi ò rí ọjọ́ tó fẹ́ sí i rí.

Ìgbà tó yá ni àpò pépà dé. Àpò àlòjùnù là ń pè é: bó bá kún, ẹ ó fà á yọ tòun teruku inú ẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí, ó parí. Kò sí gbígbọ̀n, kò sí sísín. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ní ibi tí wọ́n ń fi í sí, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ò ní. Mo wá jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀rọ wọ̀nyẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì rí ọgbọ́n ẹ̀. Mo gé páìpù ike kan, mo fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀ kó lè tẹ̀, mo dè é mọ́ ojú ihò tí ẹ̀rọ ti ń tú eruku jáde, mo jẹ́ kó gòkè wọnú àpò aṣọ. Ẹnu àpò pépà á wọ orí páìpù náà, rọ́bà kan á há a mọ́ ọn ṣinṣin. Àpò aṣọ á wá di ẹ̀wù lásán lóde, pépà ni á máa gba eruku nínú. Nígbà tí mo tan án tó ṣiṣẹ́, mo jó yí tábìlì ká. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Iṣẹ́ rere ni, mo ṣì ń ṣe é dòní. Ọ̀nà tí mo gbà tà á ló dọ̀tí.

Mo lọ kó páálí àpò pépà jọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lórí èkejì títí ó fi kan àjà, tí mo wá ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn kí n tó dé ìdí tábìlì mi. Mo rò pé àwọn èèyàn á máa ti ara wọn lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yà sí i. Bí mo bá ṣàlàyé tán, oníbàárà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí n ṣáà fi àpò Àǹtí sílẹ̀ fún òun, pé ọdún méje rèé tí òun ti ń lò ó tí eruku kan ò dà sílẹ̀ rí. Àǹtí fúnra ẹ̀ ò bá mi jà. Ó ní ohun tí kò ṣàìsàn kò yẹ kí á máa wá oògùn fún un, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pépà, kó gbé àpò aṣọ ẹ̀ wá, òun á rán síìpù sí i níwájú kí ọwọ́ lè máa rí ààyè wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn dáadáa. Ó fẹ́ bá mi ṣe é. Ẹni tí mò ń pè ní ìdènà ń bá mi lànà, ìlara ò sì jẹ́ kí n rí i. Mo ti pè é lórúkọ ẹ̀ báyìí: ìlara ni. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe àìní. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á kí mi, kí wọ́n tó kí mi tán ojú wọn á ti lọ síbi fèrèsé.

Lára àwọn oníbàárà wa ni obìnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìntì. Màmá Olùkọ́ là ń pè é. Bí obìnrin yìí bá fi aṣọ pupa ṣe kọ́tìnnì, kí oṣù tó parí, gbogbo fèrèsé òpópónà ẹ̀ á ti pọ́n. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ẹ̀ ti wà láti ìgbà ayé ìyá ọkọ ẹ̀, irin dídán tí iwájú ẹ̀ rí bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ikọ́ fée ń ṣe é. Kò fi pamọ́ fún wa. Ó máa ń sọ fún Àǹtí pé eruku nìkan ni ọ̀tá tí òun ní láyé, pé bó bá wọ òun lọ́fun pẹ́nrẹ́n, èémí òun á há bí ìgbà tí wọ́n fún òun lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbẹ́kẹ̀ lé àpò ẹlòmíì. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, mi ò ní tàn yín pé mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀rọ náà wá pé kí n tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe, kí Àǹtí sì rán àpò tuntun. Mo fẹ́ yí i lọ́kàn padà sí pépà, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní àpò Àǹtí ti tó òun. Mo wá rò ó pé bí obìnrin yìí bá lè gba pépà, gbogbo òpópónà ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mi ò ní di ẹrù yìí ru èṣù. Ọpọlọ ara mi ni mo fi rò ó.

Ọ̀sán gangan ni. Àǹtí ti rán àpò náà tán, ó ti wú u, ó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, ó ti ká a sórí tábìlì mi pé kí n dè é mọ́ ẹ̀rọ. Ó wá ní òwú dúdú òun ti tán, òun ń lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ òdìkejì títì. Bó ṣe jáde, mo yí àpò náà sódì, mo mú abẹfẹ́lẹ́ tí mo fi ń ha wáyà, mo wá ibi ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ lu aṣọ. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tó rán, mo gé òwú méjì níbì kan níbì kan, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ kó lè di ara mú fún ìgbà díẹ̀. Ojú òwú mẹ́tàdínlógún ni mo gé. Mo kà á. Mi ò mọ ìdí tí mo fi kà á, ṣùgbọ́n iye náà ò kúrò lórí mi mọ́. Rédíò ń kọrin ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èmi náà sì ń bá a kọ ọ́. Ẹ̀yin ará, mo ń kọrin. Mo sọ fún ara mi pé eruku á kàn tú díẹ̀ sílẹ̀, Màmá Olùkọ́ á bínú, á gbé ẹ̀rọ padà wá, èmi á fi páìpù mi sí i, kò sẹ́ni tó máa kú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán náà kó lè jókòó pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Àǹtí padà dé, mo ti dè é mọ́ ẹ̀rọ. Ó tún bá mi nu irin ara ẹ̀ kó lè dán.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni òwú kan tó kù fi gbìyànjú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án òjò ń rọ̀, Màmá Olùkọ́ ti gbogbo fèrèsé pa, ó ń gba kápẹ́ẹ̀tì inú yàrá ìwé ọkọ ẹ̀, yàrá tóóró kan tí ìwé àtijọ́ kún bámúbámú. Àpò náà ò tú díẹ̀ bí mo ṣe rò. Ó bẹ́. Gbogbo eruku ọ̀sẹ̀ kan dà sí i lójú àti lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ ẹ̀ wà nílé ìdáná. Ó ní òun gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ké níbì kan ṣoṣo tí kò kúrò lójú kan, ni òun bá lọ wò ó. Ó bá ìyàwó ẹ̀ lórí orúnkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ètè ẹ̀ ti ṣú. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu wà nínú yàrá kejì. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ó lo mẹ́rin nínú ẹ̀ pẹ̀lú ike lórí imú àti ẹnu, tí ẹ̀rọ ń bá a mí.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa lórí ìdúró, ó yọ àpò náà nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí máṣíìnì Àǹtí. Ó ní òun ò wá jà, òun kàn ní kó fojú ara ẹ̀ rí i ni. Ó yí padà, ó lọ. Àǹtí gbé awò ojú ẹ̀ wọ̀, ó gbé àpò náà lọ sójú fèrèsé, ó yí i sódì, ó wò ó títí. Ó wá pè mí. Ó ní, “Àbúrò mi, wá wo nǹkan. Òwú tó bá gbó, ẹnu ẹ̀ máa ń fọ́n bí irùngbọ̀n. Èyí gún régé. Ó dà bíi pé wọ́n gé e.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ onílara lásán ni. Ní ìṣẹ́jú yẹn ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí òótọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n fi tì í lẹ́yìn. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì sọ fún un pé, “Àǹtí, kò sẹ́ni tó gé e. Òwú ni kò wọlé dáadáa. Ojú yín ni, Àǹtí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i, mi ò kàn fẹ́ sọ ni.” Ó wò mí. Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e wọ̀ padà, ó tún wo àpò náà. Mo rí i bí ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú ojú ara ẹ̀ ṣe ń yọ́ kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “O ti ń kíyè sí i?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà mí gbọ́ torí pé èmi ni. Ká ní àjèjì ló sọ ọ́, ì bá bá a jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní kí n lọ da àpò náà nù kó má baà máa rí i kó máa ba inú jẹ́. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ìsọ̀, mo sun ún, mo dúró tì í títí ó fi di eérú, kí ojú tó mọ òwú má baà tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní kí n bá òun lọ bẹ̀ wọ́n ní ilé ìwòsàn. Mo tẹ̀ lé e. Èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ fún Màmá Olùkọ́ pé ọwọ́ òun ló ṣe é, pé ojú òun ló fà á, pé kó jọ̀ọ́ kó má pè é ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ike wà lẹ́nu obìnrin náà, kò lè fèsì. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì jẹ́ kó wálẹ̀. Ọkọ ẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí à ń jáde, ó tẹ̀ lé wa dé ọ̀ọ̀dẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ṣoríire láti ní irú àbúrò bíi tèmi tí kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìtìjú. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ọ̀rọ̀ òótọ́ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi lóṣù yẹn nìyẹn.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi da eruku, eruku ò tọ̀ mí. Ojú ọ̀nà tèmi mọ́ kedere. Mo fi páìpù sí ẹ̀rọ Màmá Olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo èèyàn sì yìn mí. Òpópónà ẹ̀ tò tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò ó, àwọn òpópónà tó kù tò tẹ̀ lé tiwọn. Àwọn páálí mi rọlẹ̀ láti àjà, mo tún kó òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ fi àpò aṣọ sílẹ̀, mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo kàn máa mí kanlẹ̀ ni, n ó ní ṣé wọ́n ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú Àǹtí lójú. Wọ́n kàn ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àgbà ti ń dé, àgbà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni nígbà yẹn o. Fún oṣù bíi mẹ́ta, ó ń bá mi tú àwọn àpò tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán kúrò lára ẹ̀rọ oníbàárà kí n lè ráàyè ki páìpù bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó da aṣọ bo máṣíìnì ẹ̀, ó jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó burú jù nínú àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ nílé ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wá di dandan kó rán an, á gbé e wá bá mi. Á ní, “Bá mi fà á wò bóyá á já.” N ó fà á. Kì í já. Á ní kí n tún un fà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń dán ọwọ́ tó dára ju tèmi lọ wò, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàánú ẹ̀. Ẹ wá wo èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, láàárọ̀, ó gbé aṣọ ilé ìwé ọmọ ọmọ ẹ̀ obìnrin wá. Etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló tú, ó sì ti rán an. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ojú rírán náà gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó ní kí n fà á. Ó ní bó bá já lára ọmọ náà ní kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ò sì fẹ́ fi ọwọ́ òun kó bá ẹnikẹ́ni mọ́. “Mọ́” yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo di aṣọ náà mú, ọwọ́ mi ò gbà láti fà á. Mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, “Àǹtí, kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú yín rí. Èmi ni mo gé àpò yẹn.” Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí páálí tó kan àjà títí dé eérú ẹ̀yìn ìsọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, “Ojú òwú mélòó?” Mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dá ohun ìní ẹ̀ padà fún. Ó ní, “Àṣé mo rí i.” Ó tún un sọ, ohùn ẹ̀ ti ń yí padà, “Àṣé ojú mi rí i.” Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, omijé sì bá ẹ̀rín náà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú dé. Ó ká aṣọ ọmọ náà, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun, ó sì jáde. Ó yẹ kí n máa sunkún. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe: mo mí. Afẹ́fẹ́ wọlé sí mi dé ìsàlẹ̀ ikùn, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bẹ́líìtì tó ti fún un láti ìjẹta. Ojú tì mí pé ara lè tù mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tù mí.

Ọmọ Àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó bú mi bí ẹni tí kò bá mi tan rárá, mi ò sì dá a dúró. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ bá Màmá Olùkọ́ kí òun tó fúnra òun lọ. Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọkọ ẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí mo tún ṣe fún un sì wà ní igun pálọ̀ tó ń dán. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, “ẹ” ló fi ń pè mí, Dókítà báyìí, Dókítà bọ́ọ̀hún. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ mi tán, “o” ló kù. Ó ní, “Ọkọ mi kú pẹ̀lú èrò pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló fẹ́ pa mí. Mi ò lè jí i kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún un.” Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ẹ̀yìn òun ti dùn jù láti máa bẹ̀rẹ̀ wo èèyàn nílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ibi tí irọ́ yẹn bá dé ni kí n mú òótọ́ dé, ilé kan tẹ̀ lé ìkejì, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó ní bí mo bá ṣe é tán, kí n padà wá, nígbà náà ni òun á mọ̀ bóyá òun lè dárí jì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́, n ó sì kọ́kọ́ rán an létí irọ́ mi kí n tó sọ òótọ́ ibẹ̀. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní tèmi ti pọ̀, kí n lọ sinmi. Obìnrin kan gbé ẹ̀rọ ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ ọwọ́ onírọ́ lára irin òun, mo sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà torí ó wúwo. Ṣọ́ọ̀bù mi ti dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tí mo bá jáde nínú ẹ̀, bí wọ́n bú mi, bí wọ́n kí mi, ẹsẹ̀ mi ń fúyẹ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, Àǹtí wọlé, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó ní òun ti ṣí aṣọ kúrò lórí máṣíìnì òun, òun ti fi epo sí i, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ti rán aṣọ ilé ìwé méjì fún ọmọ ọmọ òun, òun ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó dára. Ó wá ní, “Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bínú tán, má dà á pọ̀.” Mo ní mi ò ní dà á pọ̀. Ó mu omi, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí iṣẹ́ ẹlòmíì bá dára ju tiyín lọ, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ lè kọ́ ọ. Èmi sún mọ́ iṣẹ́ tó dára jù ní gbogbo àdúgbò yìí, mi ò fi jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, abẹ ni mo mú lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ bá bi yín léèrè lójúkojú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dá a lóhùn. Ìbéèrè ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí. Ìdáhùn ẹ̀ ni mo wá ń gbé kiri òpópónà lọ́jọ́ ogbó. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fọkàn tán yín ṣiyèméjì ojú ara ẹ̀ nítorí àtibo àṣírí yín. Ẹ̀yin tí mo fi irọ́ gba àpò lára ẹ̀rọ yín, ẹ má bínú sí páìpù, kò mọ nǹkan kan. Èmi ni kí ẹ bínú sí. Mo sì bẹ̀ yín, bí ìbínú náà bá ti rọlẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹni tí kò bá tíì lè forí jì mí lónìí, mi ò ní kánjú ẹ̀. Ilé mẹ́ta ló kù ní òpópónà Màmá Olùkọ́ tí mi ò tíì kan ilẹ̀kùn wọn. Mo ti wọ bàtà. Ẹ jẹ́ n máa lọ.